Obì Kan Nínú Agbọ̀n

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ kíláàsì náà, orúkọ kan ṣoṣo ni mo pè, ọmọ mẹ́sàn-án ló dáhùn.

"Ìrì!"

"Mà!"

Wọn ò dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu kan ni wọ́n fi dáhùn, bí ẹgbẹ́ akọrin tó ti ń kọ́ orin náà tipẹ́. Kí wọ́n tó la ẹnu pàápàá, mo rí i pé wọ́n kọ́kọ́ wojú ara wọn. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ìgbà náà ni ohùn tó jáde.

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, torí àlejò ni mí. Ìpẹ̀rú ni wọ́n ti gbé mi wá sí abúlé yìí lẹ́yìn Akaka, níbi tó jẹ́ pé ọ̀kadà nìkan ló ń dé.

"Ìrì wo ló dáhùn?"

"Gbogbo wa ni, mà."

Ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n. Àwọn ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ò rẹ́rìn-ín rárá.

Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, mo lọ bá Màmá Afọláyan, ọ̀gá àgbà wa. Ìyàwó àlùfáà ni, obìnrin sísanra kan tí kì í yára. Ẹ̀pà sísè ló ń jẹ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì mi ń jẹ́ Ìrì?"

"Ṣé kò dùn létí rẹ ni?"

"Ó dùn, mà. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án?"

"Mẹ́wàá ni wọ́n. Èéyi mú ẹ̀kẹwàá, ó wà nílé. Ọmọ-ọmọ mi ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń kọ mí lóminú. "Màmá, oòrùn bá yọ báyìí, ìrì ti lọ nìyẹn. Ta ló ń sọ ọmọ rẹ̀ ní ohun tí kì í pẹ́ lọ?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀pà. Ó wo fèrèsé bí ẹni tó ń wò ó bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín.

"Tó bá lọ lónìí, ṣé kì í padà wá lọ́la? Dámisọ́lá, jẹ ẹ̀pà."

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé orúkọ yìí ti kọjá abúlé. Nígbà tí mo lọ dirun ní Ṣàgámù, onídìrí ní ọmọ àbúrò òun ń jẹ́ ẹ. Òṣèré kan ló kọ́kọ́ sọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ló wí. Ọlọ́kadà tó gbé mi padà ní irọ́ ni, wòlíì kan ní Simawa ló rí i lójú ìran. Nínú rédíò, ọkùnrin kan ń ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀: ó ní ìtura ni, ó ní ìbùkún àárọ̀ ni, ó ní òun ni orúkọ tí àwọn ìyá ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù lóde òní. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ní tèmi, mo fẹ́ mọ ẹni tí mò ń kọ́ ní ìwé ni. Mo pè wọ́n jọ lọ́jọ́ kan.

"Tí ẹ bá délé, kí kálukú béèrè orúkọ rẹ̀ kejì wá. Láti ọ̀la lọ, ẹni tí mo bá pè nìkan ni kó dáhùn."

Ọmọ kékeré kan tó ní èjí gbé ọwọ́ sókè.

"Àǹtí, ìyá mi ní n ò gbọdọ̀ dá nìkan dáhùn."

"Kí ló dé?"

"Wọn ò sọ, mà. Wọ́n kàn máa ń sunkún."

Nígbà tí a pa ilé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bá ìyá rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n nítorí obì tó ń bó lójoojúmọ́. Bánkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́wàá kéré sí i, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Èmi ni ìyá Ìrì."

"Ìyá Ìrì wo nínú wọn, mà?" Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń gbé e dìde.

Òun ò rẹ́rìn-ín. "Ìyá èyí tí gbogbo àwọn yòókù ń tìtorí rẹ̀ jẹ́ ẹ."

Ó fà mí wá sí ìdí ògiri. Ohùn rẹ̀ ò ju èyí tí èmi nìkan lè gbọ́ lọ.

"Ọmọ mẹ́ta ni mo bí ṣáájú èyí. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti dàgbà tó ẹni tó ń jẹ́ ìpè, obìnrin kan á wá pè é láàárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀. Èmi á gbọ́ ohùn, mi ò ní rí ẹnìkan. Ọmọ á dáhùn. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ara á gbóná. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì í mọ́ bá a."

"Ẹ ò wá yí orúkọ padà?"

"Mo yí i. Ti ẹ̀kẹta, mo fi pamọ́ débi pé bàbá rẹ̀ gan-an kì í pè é níta. Ó ṣì mọ̀ ọ́n, Àǹtí. Orúkọ ò ṣeé fi pamọ́ fún un."

Ó nu ojú.

"Nígbà tí mo lóyún èyí, ó wá bá mi lójú àlá. Omi ń kán lára ìró rẹ̀ sórí ẹní mi. Ó ní, 'Kí lẹ ó sọ eléyìí?' Mi ò fẹ́ dáhùn. Ìrì tó wà lórí ewé kókò lẹ́yìn ilé ni mo tẹjú mọ́ lójú àlá náà, ẹnu mi sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀: 'Ìrì.' Ó ní ó dáa, òun ti gbọ́. Mo jí. Ẹní mi tutù."

"Ta lẹ wá sọ fún?"

"Alhájà Sàrátù. Ilé obì rẹ̀ ni a ti ń ṣiṣẹ́. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn tó jókòó ti obì, mo ń sunkún. Ó mú obì kan nílẹ̀, ó fi hàn mí, ó jù ú sínú agbọ̀n tó kún, ó sì mi agbọ̀n náà jìgìjìgì. Ó ní, 'Bánkẹ́, mú obì tí mo fi hàn ọ́ jáde.' Mo wò ó títí. Mo ní mi ò dá a mọ̀ mọ́. Ó ní, 'Òun náà ò ní dá a mọ̀.'"

Bánkẹ́ wo ẹ̀yìn, ó tẹ̀síwájú.

"Aboyún pọ̀ láàárín wa lọ́dún náà. Kàúsárà bí tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ìrì. Moyọ̀sọ́lá náà sọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá Afọláyan gbọ́, ó ní kí wọ́n sọ ọmọ-ọmọ òun ní Ìrì, ọkọ rẹ̀ ló sì fi omi ṣàmì sí i lórí. Àwọn tí ò mọ ìdí rẹ̀ gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ wọn, àwọn náà ń mú un lọ. Ẹni tó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú rédíò yẹn, Ọlọ́run á bùkún un. Kó máa sọ ọ́ lọ."

"Wọ́n sì ń dáhùn pọ̀..."

"Torí ẹni tó bá dá dáhùn ni obìnrin yẹn máa dá mọ̀." Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Àǹtí, mo bẹ̀ yín. Ẹ má yọ ọmọ mi kúrò nínú agbọ̀n."

Mi ò gbà á gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ bo gbogbo abúlé, ènìyàn ò rí igi tó wà níwájú rẹ̀. Bánkẹ́ fi Ìrì lé mi lọ́wọ́ nínú kíláàsì, ó sáré lọ sílé obì. Òtútù ti dá àwọn yòókù dúró. Èmi àti ọmọ náà nìkan ló wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń mi ẹsẹ̀, ó ń fi ìka kọ nǹkan sára eruku.

Mo gbóòórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Nínú ọyẹ́.

"Ìrì."

Láti ojú fèrèsé ni. Ohùn náà dùn, bí ohùn ìyá tí oúnjẹ rẹ̀ ti jinná.

Obìnrin kan dúró níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ò burú. Títí dòní, mi ò lè sọ bó ṣe rí. Eruku ọyẹ́ wà lára ewé, lára ògiri, lára gbogbo nǹkan, kò sí lára rẹ̀. Etí ìró rẹ̀ ń kán tó, tó, tó.

Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ọwọ́ tó lè dì mú.

"Ìrì. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Ọmọ tí a kọ́ ni. Àgbà pè é, ètè rẹ̀ sì ti ń ṣí. Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mà!" Àwa méjèèjì la jọ sọ ọ́.

Obìnrin náà yíjú sí mi, bí ẹni pé kò rí mi tẹ́lẹ̀. "Ìwọ kọ́ ni mo pè."

"Ìrì lẹ pè, mà."

"Kí lorúkọ tìẹ?"

Mo rántí ìyá mi ní Ìpẹ̀rú, ẹni tó fún mi lórúkọ.

"Ìrì ni, mà."

"Àgbàlagbà rẹ yìí?"

"Bí wọ́n ṣe sọ mí nìyẹn, mà."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ọwọ́ lé ojú fèrèsé. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lára ògiri. "Irọ́ ò yẹ tíṣà."

Ó wá fa ọrùn gùn kọjá mi, ó pe ọmọ náà lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ọgbà ilé ìwé kan.

"Ìrì!"

"Mà!"

Èmi àti ọmọ náà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa nìkan. "Mà!" láti ojú ọ̀nà, nínú ọyẹ́ níbẹ̀. "Mà!" láti ìdí kànga. "Mà!" lórí ọ̀kadà kan tí a ò rí. "Mà!" láti ọ́fíìsì, ohùn ńlá kan báyìí tí mo mọ̀ pé Màmá Afọláyan ló ni ín. Ní ìṣẹ́jú kan náà, bí ẹnu kan.

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Nígbà tó padà kọjú sí mi, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó jọ ẹni tó sọ nǹkan rẹ̀ nù sínú ọjà.

"Èwo ni tèmi?"

"Bí ẹ bá dá a mọ̀, mà, ẹ mú un jáde."

Ó wo ọmọ náà títí. Ọmọ náà ń mi ẹsẹ̀. Oòrùn yọ díẹ̀ láàárín ọyẹ́, ó kan ojú fèrèsé. Mo ṣẹ́jú. Àmì àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo ló kù lójú fèrèsé, omi ni, ó sì ń gbẹ láti etí wá sáàárín.

Màmá Afọláyan já wọlé, agogo ilé ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, mà."

"Sún àga fún mi, jọ̀ọ́. Èmi ìyàwó àlùfáà, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n bí ewé." Ó jókòó gbì. "O sọ fún un pé Ìrì lò ń jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kú oríire. O ti dọmọ abúlé."

Ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó pẹ̀lú Bánkẹ́ nílé rẹ̀. Èmi fọwọ́ kan ọrùn ọmọ, òun náà fọwọ́ kàn án, èmi tún fọwọ́ kàn án.

"Èéṣe tí ẹ ń fọwọ́ kàn mí?" ni ọmọ náà ń wí. "Ẹ jẹ́ n jẹun!"

Ara rẹ̀ ò gbóná. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Kí oòrùn tó yọ, ó ti ń jà sí àkàrà rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ bù jẹ, ó ní kó pọ̀ ọ́ padà. Bánkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀. Òun náà ní èjí.

Ó rọra fọwọ́ kan ọrùn tèmi pẹ̀lú. "Ara yín tutù, Àǹtí. Ẹ ṣeun."

Lọ́dún yìí, mo tẹ̀lé àbúrò mi gbé ọmọ rẹ̀ tuntun lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí mo ní kó sọ ọ́. Àwọn ìyá kún orí bẹ́ǹṣì, a ń retí kí wọ́n pè wá.

"Ìrì," ni ohùn dídùn kan pè láti ẹnu ọ̀nà.

"Mà!" Ìyá mẹ́rin ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, èmi náà sì dáhùn.

Nọ́ọ̀sì gbé ojú sókè nídìí tábìlì rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ o, mi ò tíì pe ẹnikẹ́ni."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.

Àbúrò mi di apá mi mú, ẹ̀rù ti bà á. Mo wo àwọn ìyá wọ̀nyẹn tí wọ́n ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń bi ara wọn pé, "Ìrì ni tìẹ náà?" Mo mí kanlẹ̀.

"Fọkàn balẹ̀," ni mo sọ fún un. "Obì ti kún agbọ̀n."