Bọ́ọ̀sì Akẹ́ran Tó Ń Ti Ilẹ̀kùn Ara Rẹ̀

Ọyẹ́ ọdún náà mú gan-an. Ní agbo-ilé tí Làsísì ń gbé ní Ifakọ̀, àwọn ayálégbé ti jí, wọ́n ń to kẹ́ẹ̀gì sídìí ẹ̀rọ omi, nígbà tí fèrè bọ́ọ̀sì rẹ̀ dédé han. Kò sí ẹnì kankan nínú ọkọ̀ náà. Làsísì fúnra rẹ̀ ṣì wà lórí ẹní ìrun, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sálámà ni.

Fèrè náà pẹ́ kó tó dákẹ́. Bó ṣe dákẹ́, wáípà iwájú dìde, ó ń nu gíláàsì gbígbẹ, ó ń dún bí èékánná tó ń họ páànù. Òjò kankan ò sì tíì rọ̀ láti oṣù tó kọjá. Nígbà tó wù ú, ó sùn padà sáàyè rẹ̀.

Ìyá onílé kó àwọn ọmọdé wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tó ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì náà mọ́.

Tòkunbọ̀ ni bọ́ọ̀sì ọ̀hún. Láti ìgbà tí Sápù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ti dé, ọkọ̀ tuntun ti di ohun tí mẹ̀kúnnù kàn ń wò bó ṣe ń kọjá lójú títì. Làsísì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń fi í kó ẹran láti ibi ìpẹran ní Oko Ọba lọ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì ní Allen Avenue. Sàídátù ìyàwó rẹ̀, tó ti bí Uswat fún un, tí oyún mìíràn sì ti yọ síta dáadáa lára rẹ̀, ló máa ń to ẹran náà sẹ́yìn ọkọ̀, nítorí òun ló mọ òtẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ itan àti èyí tó fẹ́ ìgẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí fèrè. Iná inú ọkọ̀ a máa tàn lọ́sàn-án gangan. Bí wọ́n bá ń lọ lójú títì, gbogbo ilẹ̀kùn a dún kọ̀, a tì. Tó bá ṣe díẹ̀, a tún dún kọ̀, a ṣí. Sàídátù ní ó ń ṣe òun bíi pé ẹnì kan jókòó sẹ́yìn àwọn, tó ń wá bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀.

Shuaib, alápatà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Làsísì, ní àlàyé tirẹ̀.

"Ẹni tó ni ín lókè òkun ló kú sínú rẹ̀," ó ní. "Wọ́n gbé ọkọ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, wọn ò sọ fún un pé kó bọ́ọ́lẹ̀."

Àwọn tó wà nídìí tábìlì ẹran rẹ́rìn-ín. Làsísì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Nígbà tí Sàídátù ní kí àwọn gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ réwáyà, ó bi í pé réwáyà wo ló ń tún wáyà òkú ṣe.

Ọ̀dọ̀ Álífà Muhydeen ló gbà lọ. Álífà fi tàdáwà dúdú kọ ẹsẹ Kùránì sí wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó sì bu omi hàǹtú náà fún un pé kó mu ún, kó fi bọ́jú, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó tún sọ fún un pé kó wá ẹni tó mọ̀ nípa ọkọ̀.

Làsísì mu díẹ̀. Ó wá rò ó pé ara òun yá, ọkọ̀ ni ara rẹ̀ ò yá. Níbo wá ni orí ọkọ̀ wà? Ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí àwọn aago wà bí ojú, ó gbà pé ibẹ̀ ni. Ó ṣe bisimilla, ó sì rọra da ìyókù hàǹtú náà sórí rẹ̀ títí tó fi tán.

Bọ́ọ̀sì náà dákẹ́. Kò fọn fèrè, kò ṣẹ́jú. Làsísì sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dé Oko Ọba. Sàídátù gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń to ẹran. Nítorí eṣinṣin, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra. Ó dún kọ̀.

Ó rò pé yóò ṣí bó ṣe máa ń ṣí. Kò ṣí. Kò sì sí ohun tó lè dì mú láti inú, nítorí pé nígbà tí Làsísì ń fi páànù tẹ́ inú ọkọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ba irin jẹ́, ó ti kan páànù bo ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀. Ó sì ti fi páànù dí ààrin iwájú àti ẹ̀yìn. Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Oòrùn ti ń ràn sórí òrùlé ọkọ̀.

Sàídátù lu ara páànù, ó ń pe ọkọ rẹ̀.

Làsísì sáré dé, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó yí i. Ó gbọ́ tí àgádágodo ṣí. Kó tó fa ilẹ̀kùn, ohun kan tì í padà láti inú, kọ̀. Ó tún yí i. Wọ́n tún tì í padà. Kọ́kọ́rọ́ náà ń yí mọ́ ọn lọ́wọ́ bíi pé ọwọ́ mìíràn di òpin rẹ̀ kejì mú. Iná iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Wáípà dìde.

Àwọn alápatà tó ti súnmọ́ ọn sún sẹ́yìn. Ọbẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan bọ́ọ̀sì náà. Shuaib kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní kí wọ́n lọ bu hàǹtú mìíràn wá.

Ohùn Sàídátù ti ń rẹlẹ̀. "Bàbá Uswat, ooru."

Ọkùnrin kan tó wá ra ẹran ilé gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. Ezekiel lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tún ọkọ̀ ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ṣe ní Ìkẹjà. Ó fi etí lé ara ilẹ̀kùn, ó sì fetí sí bó ṣe ń dún.

"Ta ló wà nínú rẹ̀?"

"Ìyàwó mi ni. Ó lóyún."

"Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Làsísì wo iná tó ń ṣẹ́jú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, tó bá wá bá yín jà ńkọ́?"

"Agbára bátìrì ló fi ń jà. Ẹ ṣí i."

Ezekiel gba sìpánà lọ́wọ́ awakọ̀ kan, ó tú orí bátìrì kan, ó gbé wáyà rẹ̀ sápá kan. Iná kú. Wáípà dúró sáàrin gíláàsì bí apá tí wọ́n nà sókè. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ bí Sàídátù ṣe ń mí.

"Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ yín wàyí."

Làsísì yí i. Kò sí ohun tó tì í padà. Ilẹ̀kùn ṣí, Sàídátù sì ṣubú sí i láyà, òógùn ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

Wọ́n gbé e jókòó sábẹ́ ibòòji, wọ́n ń fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn tó mumi, ó bojú wo ọkọ rẹ̀.

"Òkú yẹn ò bá mi sọ nǹkan kan. Ooru ni mo bá níbẹ̀. Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe."

Ezekiel ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìyá náà lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n lè wo òun àti ọmọ inú rẹ̀. Wọ́n lọ. Ara àwọn méjèèjì le.

Lọ́jọ́ kejì, Ezekiel wá sílé Làsísì. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ sítíárì, ó sì yọ àpótí ike pẹlẹbẹ kan jáde, tí wáyà kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ tọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fi ilé tó kọ́ hàn àlejò. Ó ní nínú ọkọ̀ àtijọ́, wáyà lọ tààrà láti bọ́tìnnì dé ìdí iná. Nínú irú èyí, bọ́tìnnì kàn ń ránṣẹ́ sí àpótí yìí ni. Àpótí ló ń pàṣẹ fún iná, fèrè, wáípà àti àgádágodo. Ọpọlọ ara ọkọ̀ ni. Ti ẹ́ńjìnnì yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń rìn geere pẹ̀lú gbogbo ìyẹn.

"Bí omi bá so ẹsẹ̀ wáyà méjì pọ̀ nínú rẹ̀, àpótí á rò pé ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì," ó ní. "Ẹ̀yin ń ṣílẹ̀kùn, òun rò pé wọ́n ní kí òun tì í."

Ó ṣí ìdérí rẹ̀. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo inú rẹ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ ni Làsísì ń fi rọ́bà omi fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, títí dé ibi ẹsẹ̀ awakọ̀. Lórí ìpẹtà náà ni tàdáwà dúdú ti ṣàn, ó ṣì tutù díẹ̀.

Làsísì mọ tàdáwà náà. Kò lè gbójú sókè.

Sàídátù mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. "Inú yín ni Álífà ní kí ẹ dà á sí," ó sọ jẹ́jẹ́.

Àpótí náà ò ṣeé tún ṣe mọ́. Làsísì lọ síbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tà, ó ra òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì. Ezekiel yí i wò, ó sì dá a padà: nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó ní ìrísí kan náà lè ní iṣẹ́ inú tó yàtọ̀, èyí tó yẹ kó tan iná lè máa ti ilẹ̀kùn. Ó gbà wọ́n lákòókò kí wọ́n tó rí èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu.

Kó tó so ó, ó rí wáyà kan tí ẹnì kan ti wé dípò fíúsì kí Làsísì tó ra ọkọ̀ náà, ó yọ ọ́ dànù. Ó ha ìpẹtà kúrò lẹ́nu àwọn wáyà, ó dí ihò tí omi ń gbà wọlé, ó sì gé páànù tó bo ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ìgbẹ̀yìn ló so bátìrì padà. Iná tàn lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń retí. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Sàídátù gun ẹ̀yìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní kí Làsísì ti òun mọ́ ibẹ̀. Làsísì kọ̀, ó ní ọwọ́ òun ò gbé e. Ezekiel ló tì í. Kò pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí láti inú.

Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ̀yin tí ẹ ń fi bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù wá oúnjẹ òòjọ́, bí ọkọ̀ yín bá ń ṣe ohun tí ẹ ò ní kó ṣe, ẹ má wà á kiri títí yóò fi ti ẹnì kan mọ́lé. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ wáyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ wo bátìrì, fíúsì àti ibi tí wáyà ti bá irin ọkọ̀ so pọ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àpótí ń bàjẹ́. Bó bá jẹ́ pé àpótí ni, nọ́ńbà ara rẹ̀ ni kí ẹ fi wá òmíràn. Ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Àwọn àpótí kan wà tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ mọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, ẹ bi réwáyà yín léèrè. Ẹ yọ orí bátìrì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Aṣọ rírin ni kí ẹ fi nu inú ọkọ̀, kì í ṣe rọ́bà omi, omi àdúrà sì jẹ́ ti ènìyàn. Ẹ má ṣe bo ọwọ́ ilẹ̀kùn tó wà nínú ọkọ̀ láé.

Bó bá sì ti ènìyàn mọ́ inú lójú yín, ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti jáde, ẹ lè wá bẹ̀rù bó ṣe wù yín.