Aṣọ Funfun fún Tábìlì Fadá

"Ìfẹ́-tìrẹ-ni-kí-a-ṣe!" Sísítà Kékeré sáré pe gbólóhùn náà pọ̀ bí ẹni tó ń fo kòtò, ó balẹ̀ sórí "oúnjẹ òòjọ́ wa," ohùn rẹ̀ sì tún lọ sókè. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kì í ṣe nítorí ooru. Ó yẹ kí àwọn ará ilé kejì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí rósárì tí kì í kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n òun gbà á bí ẹni gba oyè.

Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí kò dún mọ́ láti oṣù mẹ́ta. Dókítà ti ní kí wọ́n gbé e lọ sílé kó lọ sinmi. Gbogbo àgbà ló mọ ohun tí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ jẹ́. Sísítà Kékeré nìkan ni ò gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án, kò sì dúró kí Ọlọ́run fèsì kó tó lọ kéde èsì láàárín ẹgbẹ́ akọrin: "Ọjọ́ Ẹtì ló máa pé mẹ́sàn-án. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, Màámi á fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sí Máàsì." Ẹyin lohùn; èyí ti bọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà nìyí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí nígbà tí àdúrà parí, "o máa ń sáré kọjá ibì kan."

"Ibo ni, Màámi?"

"Wàá rí i. Bá mi dé ilé Fadá. Ní kí wọ́n gbé Ara Olúwa wá fún mi, kí wọ́n mú òróró aláìsàn dání." Ó fa aṣọ funfun kékeré kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ọwọ́ ló fi ṣẹ́ etí rẹ̀ yíká. "Èyí la máa tẹ́ sórí tábìlì tí wọ́n bá dé. Abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́ẹ̀mejì níbí yìí, ẹ̀jẹ̀ ta sí i. Kí Fadá má wo ibẹ̀ o."

Òróró kẹ̀? Lójú ọmọ náà, ẹni tó ti ń lọ ni wọ́n ń fi òróró yẹn pa lára. Bí Fadá bá fi lè gbé e gba àdúgbò kọjá, gbogbo akọrin á mọ̀ pé Ọlọ́run ti kọ̀ fún Sísítà Kékeré.

Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Tísà, pàdé rẹ̀. "Sísítà! Ṣé ká ti lọ bá Màámi ra bàtà ọjọ́ Àìkú ni?"

Ibẹ̀ ni Fadá ti jáde, ó ń di báàgì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. "Báwo ni ìyá rẹ?"

Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo Fadá. "Ara wọn ti ń mókun, Fadá."

"Ṣé kí n yà kí wọn? Ìjọ ẹ̀yìn odò ni mò ń lọ. Ó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kí n tó padà dé."

"Ẹ má ṣèyọnu, Fadá. Àwọn fúnra wọn á wá kí yín lọ́jọ́ Àìkú."

"Ìyìn ni fún Ọlọ́run!" Fadá sì lọ.

Nígbà tó délé, ó ní, "Fadá ní àwọn ń bọ̀." Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ó sọ fún ara rẹ̀: ẹni tó bá lọ, á ṣáà bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́rú, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà tún ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì ṣe. Ìyá ní kí wọ́n ya irun òun. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ aṣọ náà, ó sì ń yíjú sí ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dún níta. Nírọ̀lẹ́, ó ká aṣọ náà. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n tún tẹ́ ẹ. Bàbá ló bá a ká a, nítorí ọwọ́ ìyá kò gbé e mọ́.

"Fadá yìí mà pẹ́ o," ni Bàbá wí.

"Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn," ni ìyá dáhùn. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹsàn-án mọ́, Sísítà Kékeré kúnlẹ̀, kò ṣí fèrèsé. Ohùn ìyá náà ti di wúyẹ́wúyẹ́. Lórí tábìlì, aṣọ funfun ń dúró de àlejò tí ẹnikẹ́ni ò pè. Ọmọ náà bú sẹ́kún.

"Màámi, mi ò jíṣẹ́ yín."

"Mo mọ̀. Fadá kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

"Mi ò fẹ́ kí ẹ kú ni."

"Èmi náà ò fẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọlọ́run títí. Lẹ́yìn náà ni mo wá ní kó ṣe tirẹ̀. Ka Baba Wa fún mi. Tóo bá dé ibi tóo máa ń fò, má fò ó."

Ó kà á. Nígbà tó débẹ̀, ó dúró, ó sunkún, ó wá gbé ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni gbé òkúta: "Ìfẹ́... tìrẹ... ni kí a ṣe."

"Ó dáa," ni ìyá wí. "Sáré lọ wàyí."

Ó sáré. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé Fadá títí alùpùpù fi dé lọ́sàn-án. Ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo; Fadá ò nu eruku ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọlé, ojú nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lára ìyá. Kò lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè gbé ohunkóhun mì. Fadá gbé Ara Olúwa lé orí aṣọ funfun náà kó lè rí i, ó fi òróró kan iwájú orí rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá ń wo orí tábìlì, omi ń ṣàn létí ojú rẹ̀.

"Òróró yìí kì í pa ènìyàn, ọmọ mi," ni Fadá wí. "Agbára ni fún aláìsàn." Kò sí ìbínú nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn ún jù.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí èémí ìyá fi dúró.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ti múra sílẹ̀ de ẹ̀rín àwọn akọrin. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ Tísà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Gbogbo ọjọ́ mẹ́ta tó fi ń sá fún ẹ̀rín, kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

Ó mọ̀ nísinsìnyí pé Ọlọ́run ò kọ àdúrà òun. Àṣẹ ló kọ̀ láti gbà lọ́wọ́ òun. Bó wù kó gbàdúrà tó, ìyá rẹ̀ ì bá lọ, ó sì lè fi ìyẹn lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ebi Ara Olúwa tí ìyá fi lọ, ìfẹ́ Ọlọ́run kọ́ ló fà á. Sísítà Kékeré ló fà á.

Ó fọwọ́ kan aṣọ funfun tó wà nínú àpò rẹ̀, níbi méjì tí abẹ́rẹ́ ti gún ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìjọ bẹ̀rẹ̀ Baba Wa, wọ́n dé gbólóhùn yẹn, wọ́n kọjá rẹ̀. Gbogbo wọn ti ń tọrọ oúnjẹ òòjọ́, òun nìkan ló ṣì kù lẹ́yìn, ó ń pe ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.