Kọ̀ǹpútà Tó Ń Jẹ Iná Bàbá

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Monílọ́lá Ògúnníyì wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Arakale, ní Àkúrẹ́, ó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún bàbá rẹ̀. Oòrùn ọjọ́ náà mú débi pé òjìji èèyàn gan-an ń wá ibi tó máa sá sí, ṣùgbọ́n ara obìnrin yìí yá gágá. Bàbá rẹ̀, Tíṣà Ògúnníyì, ń dá gbé ní ìlú Oǹdó látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ilé náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí aláǹgbá bá húkọ́ lẹ́yìnkùlé, bàbá á sáré kí i pé pẹ̀lẹ́, kó ṣáà lè rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Monílọ́lá fẹ́ kí òun àti bàbá máa ríra lójú ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n jọ máa gbàdúrà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí ìyá wà láyé. Fóònù bàbá ò lè ṣe é. Ojú fóònù náà ti fọ́, bàbá kì í sì í gbọ́ tó bá dún.

Ọmọ́níyì, ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, to bọ́ọ̀dù mẹ́ta sórí tábìlì. Kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn, àmọ́ wọn ò ní àpótí, wọn ò ní ojú. Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ wà lórí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì báńkì lọ. Èèyàn á wá so ojú àti kámẹ́rà mọ́ ọn. Ó ní èyí tó kéré jù ò wọ́n, iná tó ń jẹ ò ju wáàtì kan sí méjì lọ, ṣùgbọ́n mẹ́mọ́rì rẹ̀ kéré, ohùn lásán ló lè gbé dáadáa, àwòrán á máa há. Èyí àárín wọ́n tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, ó ń jẹ wáàtì mẹ́rin sí mẹ́fà, á sì gbé ohùn àti àwòrán láìsí wàhálà. Èyí ńlá, owó rẹ̀ á ra kékeré márùn-ún. Ó yára, ó lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó ń gbóná, ó ní fáànù tirẹ̀, tó bá sì ń ṣiṣẹ́ gan-an, á jẹ tó wáàtì mẹ́wàá.

"Àǹtí, irú iná wo ló wà nílé bàbá?" Ọmọ́níyì béèrè.

"Iná wà. Oǹdó kì í ṣe inú igbó."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ṣé iná ìjọba ni àbí sólà? Ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ bi wọ́n, torí iná yẹn náà ni oúnjẹ ẹ̀rọ yìí."

Monílọ́lá ò pe ẹnikẹ́ni. Ó bi Ọmọ́níyì bóyá bàbá òun ló rò pé òun á ra tín-ín-tín fún, bí ẹni ra ṣingọ́ọ̀mù. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bàbá tó bá wá wò ó ńkọ́? Èyí ńlá ló mú.

Látìgbà Kérésìmesì ni ò ti délé. Kò mọ̀ pé tráńsífọ́mà àdúgbò bàbá ti jóná. Bàbá ò sọ, torí kò fẹ́ kó dà bí ẹni tó ń tọrọ. Páńẹ́ẹ̀lì sólà kan tí kò fẹ̀ ju fèrèsé ilé ìwẹ̀ lọ, àti bátìrì àtijọ́ kan, ló fi ń tan gílóòbù kan àti fáànù kan. Ọládélé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá tí Monílọ́lá ní kó lọ so ẹ̀rọ náà, mọ bí wọ́n ṣe ń ki wáyà bọ ihò, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ rẹ̀ parí sí. Ó so ó mọ́ bátìrì, ó kìlọ̀ fún bàbá pé kó má pa á rárá, torí káàdì kékeré tó ń pa nǹkan mọ́ nínú rẹ̀ lè bàjẹ́ tí iná bá já lójijì. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ tí ojú Monílọ́lá kọ́kọ́ yọ, bàbá rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò bọ́ sí yàrá kejì. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Kò pẹ́, bátìrì kú láàárín àdúrà. Bàbá jókòó síwájú ojú dúdú yẹn, ó ṣe àmín fúnra rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó pa fáànù. Nígbà tí ìyẹn ò tó, ó pa gílóòbù. Ooru mú nínú ilé náà bíi pé wọ́n kó gbogbo Oǹdó sínú ìkòkò kan, wọ́n dé e. Bàbá ń jókòó nínú òkùnkùn kí ẹ̀rọ lè rí iná jẹ, kí ọmọ lè yọjú.

"Bàbá, kí ló dé tí ibẹ̀ ṣókùnkùn báyìí?"

"Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí dáadáa."

Monílọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdé kan, iṣẹ́ dá a dúró ní ọ́fíìsì. Bàbá retí rẹ̀ títí, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó dìde láti lọ bu omi. Kò tan gílóòbù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ àpótí ìjókòó kan, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, eegun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Nígbà tí Monílọ́lá yọjú, òkùnkùn ló rí.

"Bàbá? Bàbá mi?"

Bàbá gbọ́. Ó dáhùn, ó tún dáhùn. Ohùn rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Fáànù inú ẹ̀rọ náà ló ń kùn bí oyin. Monílọ́lá rò pé bàbá ti sùn. Ó ní ó dàárọ̀, ó sì kúrò lójú ẹ̀rọ. Orí ilẹ̀ ni bàbá wà títí Ìyá Hameedat, aládùúgbò rẹ̀, fi gbé ògì wá fún un láàárọ̀.

Nígbà tí Monílọ́lá ti délé bàbá, tó ya fọ́tò bátìrì náà, láti ọsibítù ló ti pe Ọmọ́níyì. Ọmọkùnrin náà ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì fóun, ó wá ṣàlàyé: kí èèyàn fi iye wáàtì ẹ̀rọ ṣe ìlọ́po iye wákàtí tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ńlá yẹn àti ojú rẹ̀, wáàtì mẹ́wàá tọ̀sán-tòru, òjìlélúgba nìyẹn lójúmọ́. Bátìrì fólítì méjìlá, ámpù méjìdínlógún fún wákàtí kan, tí èèyàn bá fi èkíní ṣe ìlọ́po èkejì, kò ju igba ó lé mẹ́rìndínlógún, ìdajì rẹ̀ sì ni wọ́n máa ń lò tó bá ti gbó.

"Èyí àárín ì bá ṣe é, mà. Tẹ́ ẹ bá ń tàn án fún wákàtí méjì, tẹ́ ẹ pa á lójú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó yọ iná, kò ní jẹ tó ọgbọ̀n. Gílóòbù bàbá ì bá máa tàn."

Monílọ́lá padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bi bàbá ìdí tí kò fi sọ.

"Tí mo bá sọ, wàá ní kí wọ́n wá yọ ọ́ kúrò," bàbá ní. "Ta ni màá wá máa rí?"

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Tíṣà Ògúnníyì. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń rìn báyìí, láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti ti ilé Oǹdó pa. Pálọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ló ń gbé, níbi tí gílóòbù ti tó fún mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀, tí kò sì mọ ẹnì kan ṣoṣo ládùúgbò. Tí Monílọ́lá bá ti lọ síbi iṣẹ́, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó tún gbọ́ ohùn èèyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ sáwọn òbí yín, ẹ má fi títóbi bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe, ẹ wo iná tó ń jẹ, kẹ́ ẹ fi wé iná tó wà nílé tó ń lọ. Ẹ má sì jẹ́ kó tán síbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kò sí wàhálà, ẹ wọkọ̀ lọ wò ó fúnra yín. Àwọn tó bí wa mọ irọ́ pa tó bá ti jẹ́ nítorí ká lè máa yọjú.