Ìdáhùn Mẹ́ta Tí Kóòṣì Kọ́ Àbúrò Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Kóòṣì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ́ àwọn akànṣẹ́ nínú yàrá gbọọrọ kan lábẹ́ àga òǹwòran ní pápá bọ́ọ̀lù. Bí ó bá wọlé, á gbá àpò iyanrìn tí wọ́n so rọ̀, á wo aago ara ògiri, á tún jáde. Kí ló ń lé e? Òun gan-an kò mọ̀.

Má rò pé kì í lọ sílé Ọlọ́run o. Inú ìjọ ni wọ́n bí i sí. Ó mọ orin sórí, ó mọ àdúrà sórí, Àmín rẹ̀ sì ń mi òrùlé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sìn ní tòótọ́ ni òkìkí àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Kòṣubú ni wọ́n ń pe àbúrò náà, nítorí ó ti ja ìjà mọ́kànlá, kò sì ṣubú rí.

Dókítà tó máa ń wà nídìí ìjà wọn ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá ba orí akànṣẹ́ gan-an, dókítà á gòkè lọ bá a nígbà ìsinmi. Ìka mélòó nìyí? Òní ọjọ́ wo? Ráúndì wo la parí? Bí ẹni náà bá ṣì í, ìjà parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n dókítà yìí kì í yí ìbéèrè rẹ̀ padà, ìka méjì náà ló sì máa ń nà sókè ṣáá. Sátidé nìkan ni wọ́n sì máa ń jà. Kóòṣì ti ṣọ́ ọ títí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àbúrò rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ábídí: "Méjì. Sátidé. Ti ráúndì, èmi á sọ ọ́ sí ẹ létí."

Ọ̀rẹ́ Kóòṣì kan ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kejì, òun ló ń fi róòbù wọ́ra fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Awọ́ra ni wọ́n ń pè é. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà, ó sì yọjú.

"Kóòṣì, irú ẹ̀kọ́ wo lo ń kọ́ àbúrò ẹ yìí?"

"Ìwọ náà tún dé. Ṣé bọ́ọ̀lù tiyín kì í dáni lẹ́sẹ̀ ni? Àwọn oníjàkadì ńkọ́, ṣebí ọrùn ń yí wọn?"

"Ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá forí gbá lórí pápá wa, a máa gbé e jáde ni, a kì í fún ẹnikẹ́ni ní góòlù nítorí pé ẹnìkejì dákú. Oníjàkadì ń wá bí ẹ̀yìn ẹnìkejì ṣe máa kan ilẹ̀, ó tán. Nínú iṣẹ́ tìẹ, orí ọmọ ọlọ́mọ gan-an lẹ ń wá. Dókítà yẹn nìkan ló sì dúró fún orí náà, òun lo wá ń tàn yìí. Ọlọ́run ńkọ́? Ṣé ohun tó o há sórí náà lo máa kà fún Un?"

Kóòṣì rẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀ oníróòbù, lọ bá ẹsẹ̀ tí ò ń wọ́."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ní ráúndì kẹrin, ẹ̀ṣẹ́ kan ba Kòṣubú lẹ́bàá etí. Kò ṣubú. Ó rìn padà wá jókòó, ó ń wo garawa omi.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ilé ta lèyí?"

Kóòṣì wò ó lójú. Táwẹ́ẹ̀lì wà léjìká rẹ̀, ó kàn ní kó jù ú sínú ibi ìjà ni, ìjà ì bá dúró. Ó rí dókítà tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ló bá tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ sí àbúrò rẹ̀ létí: "Méjì. Sátidé. Ráúndì kẹrin."

Kòṣubú dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣì ọ̀kan. Dókítà mi orí pé ó dáa, ó sọ̀ kalẹ̀. Ní ráúndì karùn-ún, ẹ̀ṣẹ́ kan péré ló tún bà á, Kòṣubú sì ṣubú.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórí ní ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kẹta, ó lajú. Ìyá wọn tẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ọkọ mi, ṣé o mọ̀ mí?"

"Méjì."

"Èmi ìyá ẹ ni. Wò mí dáadáa."

"Sátidé."

"Kí lò ń wí yìí?"

"Ráúndì kẹrin." Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń wojú rẹ̀ bóyá òun gbà á.

Kóòṣì sá jáde. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà títí obìnrin tó ń nulẹ̀ fi ní, "Bọ̀dá, ẹ ẹ̀ jẹ́ kí ibi tí mo nù gbẹ." Ibẹ̀ ni Awọ́ra ti bá a. Kò sọ pé ṣebí mo wí.

"Mo fẹ́ gbàdúrà," ni Kóòṣì wí, "ohun tí mo há sórí nìkan ló ń jáde."

"Pa ìyẹn tì. Sọ fún Un ohun tó o ṣe."

Kóòṣì bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tó wà níbẹ̀. "Olúwa, èmi ni mo ṣe é. Mo rí i pé kò mọ ibi tó wà, mo sì sọ ọ́ sí i létí." Ẹkún bò ó.

Awọ́ra dì í mú. "Wọ́n lu Jésù náà lórí, ọ̀rẹ́ mi, kò sì sí ẹni tó dá wọn dúró. Nítorí irú ohun tó o ṣe yìí gan-an ló ṣe kú, kó lè dárí jì ẹ́. Gbà Á."

Kóòṣì gbà Á níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì, lọ́sàn-án gangan. Ó sì jókòó jẹ́ẹ́.

Ó wọlé lọ jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó lọ bá dókítà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ìbéèrè yín padà, a ti há a sórí." Ó ti pa iṣẹ́ kóòṣì tì. Láràárọ̀, òun ló ń bá àbúrò rẹ̀ de bọ́tìnnì. Àbúrò ti mọ ìyá rẹ̀ padà, àmọ́ kì í ṣe lójoojúmọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Mo mọ̀ pé o kì í kan ẹ̀ṣẹ́. Ṣùgbọ́n o ní ìdáhùn tìrẹ nílẹ̀: wọ́n ti rì mí bọmi, ìyá mi kì í ṣeré nínú ìjọ, mi ò pa ẹnikẹ́ni. O ti kà á títí ó ti yọ̀ lẹ́nu rẹ, ọkàn rẹ kò sì balẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ ń bọ̀ tí Ẹni tó dá ọ yóò bi ọ́ ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, kò sì ní sí ẹni tí yóò sọ ọ́ sí ọ létí.

Má dúró dìgbà náà. Níbi tó o wà yìí, lónìí, kó tó di pé o ká ìwé yìí sápò, pa ohun tó o há sórí tì. Ọ̀rọ̀ tí Kóòṣì fi bẹ̀rẹ̀ kò gùn: Olúwa, èmi ni mo ṣe é. Bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí o sì gba Jésù bí òun náà ti gbà Á.