Asín Inú Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ da omi gbígbóná sínú ihò yìí?”

Ọlọ́gbà ilé-ẹ̀kọ́ gbé garawa sílẹ̀. “Èmi ni. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì yín náà lẹ sọ pé asín yẹn ń jẹ gbòǹgbò ẹ̀fọ́ mi.”

Inú kì í pẹ́ bí ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Atawẹ́wẹ́. 

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló ní kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín, máa ṣọ́ asín náà, kí wọ́n wá ròyìn fún kíláàsì. Máàkì ìdánwò ni. Atawẹ́wẹ́ nìkan ló ń da ikùn délẹ̀ nínú koríko láràárọ̀. Ó rí i bí ẹranko kékeré náà, tí kò ríran dáadáa, ṣe ń fi imú ṣóńṣó tú ìrẹ̀ àti ikán jáde nínú ilẹ̀. Ó rí àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n tò tẹ̀ lé e, tí kálukú fi ẹnu di ìdí ẹni iwájú mú. Kò rí i kó fẹnu kan gbòǹgbò kankan.

Ẹlẹ́rìn-ín kò yọjú rárá. Ó kàn bẹ̀bẹ̀ pé, “Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n gbẹnu wa sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, kí wọ́n lè rò pé a jọ ṣe é ni.” Bó ṣe débẹ̀, irọ́ ló pa, ó ní gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ni asín náà ń jẹ.

“Ṣé bẹ́ẹ̀ nìwọ náà rí i?” ni olùkọ́ bi Atawẹ́wẹ́.

Ẹlẹ́rìn-ín ṣẹ́jú sí i. Atawẹ́wẹ́ ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ní báyìí tó ti gbọ́ èsì ọlọ́gbà, Atawẹ́wẹ́ sáré wá Ẹlẹ́rìn-ín lọ. “O ti pa tìyá-tọmọ.”

“Ṣé èmi ni mo gbé omi kaná? Ìwọ tó o mọ òótọ́, kí lo sọ?”

Atawẹ́wẹ́ ti na ọwọ́ láti gbá a létí. Ọwọ́ náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kọjá sọ́dọ̀ olùkọ́, ó sì jẹ́wọ́.

“Ẹnu tó o fi ń sọ ọ́ yìí, níbo ló wà lánàá?” Olùkọ́ fún àwọn méjèèjì ní òdo.

Kò pẹ́ tí ìrẹ̀ fi gé ẹ̀fọ́ ọlọ́gbà lulẹ̀. Bàbá náà kò bá Atawẹ́wẹ́ jà. Ó kàn na ọkọ́ sí i, ó ní kó wá bá òun tún un gbìn. Atawẹ́wẹ́ ń roko, omijé ìbínú ń bọ́, ara rẹ̀ ló sì ń bínú sí jù.

Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ọmọ, bí irọ́ bá máa bí yín nínú, kó bí yín nígbà tó ṣì wà lẹ́nu onírọ́. Ìbínú ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kò jí òkú.