Ìbítáyọ̀ àti Koríko Ibùjẹ Ẹran

Ìbítáyọ̀ ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún méje ni. Ìjẹ̀bú-Òde ló ń gbé.

Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1985 nìyí. Ọyẹ́ ń fẹ́ fùù, fùù. Ètè gbogbo èèyàn ti gbẹ.

Inú gbogbo ọmọ ń dùn. Inú Ìbítáyọ̀ nìkan ni kò dùn. Kí ló dé?

Ọwọ́ ń yún un ni.

Ó họ ọ́. Họ, họ, họ. Ó tún họ ọ́. Họ, họ, họ. Bó ṣe ń họ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń yún un sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má bú u o.

Lánàá, Àǹtí Rose, olùkọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, pín iṣẹ́ fún wọn. Wọ́n fẹ́ ṣe eré ìbí Jésù. Simeon ni Jósẹ́fù. Ìbítáyọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùṣọ́-àgùntàn.

Ọmọ tuntun gidi ni yóò ṣe Jésù! Bọ́dúnrìn ni orúkọ rẹ̀. Kò tíì pé oṣù méjì.

"Ìbítáyọ̀," ni Àǹtí Rose wí, "ìwọ ni kó o bá wa gé koríko gbígbẹ tí a ó tẹ́ ọmọ náà sí."

"Ó dáa, mà," ni Ìbítáyọ̀ wí.

Láàárọ̀ òní, ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún un. "Oko Bàbá Ògúnbánwò ni kó o lọ. Má gé koríko ẹ̀yìn ilé wa o. Wèrèpè wà níbẹ̀."

Ṣé ẹ mọ wèrèpè? Èso rẹ̀ ní irun wínníwínní. Tí irun yẹn bá kan ara èèyàn, hà! Onítọ̀hún á họra títí á fi sunkún.

Ṣùgbọ́n oko Bàbá Ògúnbánwò jìnnà. Ó sì rẹ Ìbítáyọ̀ láti rìn. Rárá, kò rẹ̀ ẹ́. Ọ̀lẹ ló ń ṣe!

Ẹ̀yìn ilé ló lọ. Ṣáá, ṣáá, ṣáá. Ó gé koríko kún apẹ̀rẹ̀. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó dà á sínú àpótí tí wọ́n fi ṣe ibùjẹ ẹran.

"Koríko yìí mà dáa o!" ni Àǹtí Rose wí. "Níbo lo ti rí i?"

"Ní oko Bàbá Ògúnbánwò, mà."

"O káre! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Pà, pà, pà! Gbogbo àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ìbítáyọ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Irọ́ ni o. Irọ́ gbuu!

Kò pẹ́ rárá. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Họ, họ, họ.

Ojú tì í. Ojú tì í gan-an.

"Bí mo bá sọ̀rọ̀," ló ń rò, "gbogbo ìjọ á mọ̀ pé mo purọ́. Ojú á ti Ìyá mi."

"Bí mi ò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á tẹ́ Bọ́dúnrìn sórí wèrèpè. Ọmọ jòjòló. Kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń họra."

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ aṣọ.

Nígbà tó di ọ̀sán, eré bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́múdẹ́mú.

Kó, kó, kó! Simeon kan ilẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè."

"Kò sáyè!" ni onílé wí. Wọ́n sì lọ sí ibi tí ẹran ti ń jẹun.

Lẹ́yìn náà ni áńgẹ́lì dé. "Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ má fòyà! Ẹ lọ wo ọmọ náà!"

Àǹtí Rose ń sọ ìtàn náà. "Inú igbó ni wọ́n wà. Aṣọ wọn dọ̀tí. Òórùn àgùntàn wà lára wọn. Ọlọ́run ò ní kí wọ́n lọ wẹ̀ ná. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀."

Ìbítáyọ̀ gbọ́ ọ. Ó di ojú. "Jésù, ojú ń tì mí," ló wí jẹ́jẹ́. "Èmi náà ńkọ́? Ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Ìyá Bọ́dúnrìn ti dìde. Ó gbé ọmọ rẹ̀ dání. Ó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó ku ẹsẹ̀ méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tẹ́ ọmọ náà.

"Ẹ dúró!"

Ìbítáyọ̀ ló kígbe.

"Ẹ má tẹ́ ẹ síbẹ̀! Wèrèpè wà nínú koríko náà. Ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti gé e. Mo purọ́, Àǹtí."

Ó na ọwọ́ méjèèjì síta. Wọ́n ti pọ́n, wọ́n ti wú.

"Yéè!" ni Ìyá Bọ́dúnrìn ké. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Ìyá Ìbítáyọ̀ sì tẹrí ba.

Ó ṣe Ìbítáyọ̀ bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì.

Àǹtí Rose fi àkísà wé ọwọ́, ó gbé àpótí náà jáde. Ìyá Ìbítáyọ̀ dìde. Ó ń bọ̀. Ṣé ó fẹ́ gbá a létí ni?

Rárá o. Ó mú un lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti dáná oúnjẹ ọdún. Ó bu eérú tútù, ó fi ra ọwọ́ rẹ̀.

"Irọ́ tó o pa dùn mí," ni Ìyá wí. "Ó dùn mí gan-an."

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n o sọ̀rọ̀ kó tó pẹ́ jù. Ìyẹn náà, mo rí i."

Wọ́n padà wọlé. Ìyá tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sínú agbọ̀n tuntun kan. Wọ́n gbé Bọ́dúnrìn sí i.

Àwọn olùṣọ́-àgùntàn kúnlẹ̀. Ìbítáyọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ku ẹnì kan," ni Àǹtí Rose wí.

"Ọwọ́ mi dọ̀tí, Àǹtí. Eérú ti kún un."

"Ta ló fọ ọwọ́ nínú àwọn olùṣọ́-àgùntàn Bẹ́tílẹ́hẹ́mù?"

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Ìbítáyọ̀ rọra ń bọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dorí kodò.

"Má fọwọ́ kàn án o," ni Ìyá Bọ́dúnrìn wí. "Ṣùgbọ́n sún mọ́ ọn. Gbé ojú ẹ sókè, jẹ́ kó rí ọ."

Ìbítáyọ̀ gbé ojú sókè.

Bọ́dúnrìn wò ó. Ó wò ó dáadáa. Ó sì rẹ́rìn-ín sí i.