Ọ̀rọ̀ Àtọ́kẹ́ Lọ́jọ́ Sátidé

Okùn ni Ọmọ́wùnmí ń fò lọ́jọ́ tí Simeon kọ́kọ́ rí i. Aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ọmọdé bíi mẹ́wàá sì ń bá a kà á nínú ọgbà ilé ìwé kan ní Ẹgbẹ́dá. Gbogbo àwọn ọmọ náà ló sanra; ó ń kó wọn jọ ní Sátidé kí ara wọn lè fúyẹ́. Simeon, tó ń tún rédíò ṣe ní Dọ̀pẹ̀mú, dúró, ó gbàgbé ohun tó bá wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ni mo mú wá."

Àtọ́kẹ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sá sẹ́yìn bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni oúnjẹ ti di olùtùnú rẹ̀. Bó bá rìn díẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Àgbá.

Ọmọ́wùnmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi, Ọ̀dù ni wọ́n ń pè mí nígbà tí mo wà bíi tìẹ. Mo máa ń fara pamọ́ jẹun ni."

Àtọ́kẹ́ yọjú. "Ẹ̀yin?"

"Èmi náà ni jàre."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo Sátidé. Bí eré bá parí, Ọmọ́wùnmí á fi ìwọ̀n oúnjẹ tó yẹ hàn wọ́n, olúkúlùkù á sì sọ tirẹ̀: ẹni tó fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, ẹni tó fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé, ẹni tó sunkún. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnì kejì ṣẹ̀sín.

Simeon bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé.

"Bàbá Àtọ́kẹ́, ẹ̀yin náà ẹ wá sáré."

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Tí mo bá pa yín, ta ni yóò máa sìn mí délé?"

Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, Simeon ló ń sìn ín dé ilé rẹ̀ ní Gowon Estate, Àtọ́kẹ́ á sì máa fò níwájú wọn.

Àmọ́ ìyá Simeon dé láti Ìkòtún. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi dà? Kí aráyé lè sọ pé a ò rí jẹ? Obìnrin tó ń wọn oúnjẹ fún ọmọ kò ní ṣe aya nílé mi!" Ó mú Àtọ́kẹ́ lọ sí Ìkòtún.

Ọmọ́wùnmí sunkún, ṣùgbọ́n ó ní, "Mi ò ní ya ẹ̀yin àti màmá yín. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Simeon fi bẹ ìyá rẹ̀. "Ẹ kàn wá gbọ́ tẹnu ọmọ fúnra rẹ̀, màámi."

Lọ́jọ́ Sátidé kẹrin, ìyá àgbà mú Àtọ́kẹ́ wá sí ọgbà ilé ìwé náà, ó lejú koko. Àtọ́kẹ́ dìde.

"Tí wọ́n bá lu aago eré ní ilé ìwé, inú ṣáláńgá ni mo máa ń sá sí, kí wọ́n má baà gùn mí bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo rò pé tí mo bá yó, mi ò ní rántí màámi mọ́. Mo ṣì ń rántí wọn. Ṣùgbọ́n ní báyìí mo ń sọ ọ́ jáde. Mo sì ti sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, mi ò jókòó."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà fi etí gèlè nu ojú. "Kò sọ èyí fún mi rí."

Ọmọ́wùnmí kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ó yẹ kí n ti wá kí yín tipẹ́."

Ìyá àgbà fà á dìde. "Ṣé o ti jẹun lónìí?"

"Rárá, mà."

"Simeon! Ṣé bó o ṣe máa fi ebi pa ìyàwó rẹ nìyẹn?"

Simeon yíjú sí i. "Ọmọ́wùnmí, ṣé o gbọ́ orúkọ tí màámi pè ọ́?"

"Mo gbọ́."

"Kí lo wá sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí i. "Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Ebi ń pa ìyàwó yín."